Fèrè ará Írẹ́lándì kan wọ Ìkòròdú: ẹ̀yin tí ẹ mọ orin wọn, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ẹbúté, Ìkòròdú:

Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí lè pa àwọn kan nínú yín lẹ́rìn-ín, n kò sì ní bínú, kí ẹ ṣáà ti rẹ́rìn-ín tán kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dublin wá sílé ní àsìkò Kérésìmesì, ó kó aṣọ àti bàtà fún gbogbo ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí, fèrè onírin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó fà yọ láti inú ìbọ̀sẹ̀. Ó ní láti kékeré ni mo ti ń súfèé tí n kò jẹ́ kí ará ilé sùn, pé kí n kúkú wá gba ohun èlò iṣẹ́.

Fèrè náà gùn tó ìwọ̀n igbọnwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́, ike aláwọ̀ ewé ni ó wà ní ẹnu rẹ̀, ihò mẹ́fà ni ó sì wà lára rẹ̀. Mo rò pé ohun tí ó kéré tó báyìí kò lè ni mí lára. Oṣù mẹ́ta rèé, ohùn tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde kò tíì yàtọ̀ sí igbe ẹyẹ tí ológbò gbá mú. Àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀ ti sọ mí ní Rẹfirí, bí mo bá sì pàdé wọn lẹ́nu géètì, wọn a máa bi mí pé ta ni ó gbá góòlù wọlé lálẹ́ àná.

Bàbá mi ni ó wá dá kún ìṣòro mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fun orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀, inú mi sì ń dùn. Bàbá tẹ́tí títí mo fi ṣe tán, wọ́n ní, "Ó dára. Kí ni ó wí?" Mo ní kò wí nǹkan kan, pé orin ijó lásán ni. Wọ́n wò mí lọ, wọ́n wò mí bọ̀, wọ́n ní, "Fèrè tí kò wí nǹkan kan, kí ni ó wá ń pariwo fún?" N kò rí èsì fọ̀ títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọ̀dọ̀ wọn rí, àti ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun èlò orin, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn tí mo ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń sáré ju bí etí mi ti lè bá wọn lọ. Ṣé kí n wá ìwé orin ni, àbí kí n pa fèrè tì kí n lọ wá ìlù pẹlẹbẹ wọn tí wọ́n ń fi igi kékeré lù, bóyá èyí yóò rọrùn fún ọmọ Yorùbá? Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Odékù nìkan ni ohun tí ó ti Írẹ́lándì wá tí ó bá ọmọ Ìkòròdú lára mu. Ẹ bá mi dá òun náà lóhùn.


Àyàn Ìgbógbó:

Ọmọ Ẹbúté, o kú ọ̀rọ̀. Èmi kò dé Írẹ́lándì rí, n kò sì ní ìwé ìrìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ awọ. Àbúrò mi kan fi àwòrán ìlù pẹlẹbẹ yẹn hàn mí lórí fóònù, n kò sì lè pa ẹ̀rín mọ́ra, nítorí sákárà ni mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn ọmọ tí kò fojú kan sákárà rí. Amọ̀ tí a mọ róbótó tí a sì sun nínú iná ni ara rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni a fi bo ojú rẹ̀, èèkàn kéékèèké tí a tò yí i ká ni ó sì ń fa awọ náà le. Ọwọ́ òsì ni a fi ń gbé e dání, ìka ọwọ́ òsì yẹn kan náà ni a fi ń tẹ awọ kí ohùn lè gòkè tàbí kí ó wálẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún a sì máa fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú. Òun ni a ń gbọ́ nínú orin Yusuf Olatunji, ẹni tí ó kú ní 1978, tí gòjé sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú àwòrán tí mo rí, igi ni wọ́n ká róbótó dípò amọ̀, ìṣó ni wọ́n fi kan awọ dípò èèkàn, ó sì fẹ̀ ju sákárà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n awọ ewúrẹ́ náà ni, ọwọ́ kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé wọn kì í ṣe ẹbí.

Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bá awọ yẹn gbé ní ìlú tí wọ́n ní òjò rẹ̀ kì í dá. Níhìn-ín, bí ọ̀rinrin bá ti ojú ọ̀sà fẹ́ wá ní òwúrọ̀, awọ a dẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná, àfi kí a sá a sí oòrùn tàbí kí a yá a níná kí a tó gbé e jáde òde.

Ní ti ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, a kì í gbé ìwé lé ọmọ Àyàn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni ó ń tọ̀ lọ sóde, ìlù tí ó kéré jù ni a ó kọ́kọ́ fi kọ́ ọ lọ́rùn, ohùn kan ṣoṣo ni yóò sì máa lù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí yóò máa gbọ́ ohun tí ìyá ìlù ń wí. Ìwọ ń fun fèrè, ṣùgbọ́n ta ni o ń gbọ́? Gbé fèrè náà padà sínú ìbọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mú orin kan péré, kì í ṣe mẹ́wàá, kí o máa gbọ́ ọ nígbà tí o bá ń fọṣọ àti nígbà tí o bá wà nínú ọkọ̀, títí yóò fi máa jí ọ lójú oorun.


Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Cork:

Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá wa Àyàn. Tiyín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Bodhrán ni wọ́n ń pe ìlù náà, báo-rọ́ọ̀n ni ó sì ń dún lẹ́nu wọn. Ẹjọ́ awọ tí ẹ ń rò yẹn, òun gan-an ni wọ́n ń rò níhìn-ín ní Cork, ní Írẹ́lándì. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, awọ a dẹ̀. Bí ilé ọtí bá kún tí ó sì móoru, awọ a le kọjá bó ṣe yẹ, ẹ ó sì rí onílù tí yóò wọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn awọ, tí yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yí ká. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní ti ní irin tí wọ́n ń yí láti fi fa awọ le.

Ṣùgbọ́n ẹ foríjì mí, wọn kì í bọ̀wọ̀ fún onílù níhìn-ín bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún Àyàn. Àwàdà àtijọ́ kan wà láàárín wọn pé ọ̀bẹ ni ó dára jù láti fi lu bodhrán. Ohun tí ó fà á ni pé ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan ni ó sábà máa ń rò pé ìlù ni ó rọrùn, bí mẹ́ta irú wọn bá sì jókòó pọ̀, orin ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1960 ni Seán Ó Riada, olórin ilẹ̀ yìí kan, mú bodhrán wọ inú ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti ń rà á. Nítorí náà, àbúrò mi, má tíì wá ìlù lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe orin yìí gan-an ni ilé ọtí, lálẹ́. Kò sí ìtàgé níbẹ̀, kò sí gbohùngbohùn. Àwọn olórin a jókòó yí tábìlì kan ká, wọn a kọ ẹ̀yìn sí àwọn tí ń mutí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọ́n ń sọ. Apá méjì ni orin kan máa ń ní, ìwọ̀n orin (bar) mẹ́jọ-mẹ́jọ. Wọn a ṣe apá kìíní lẹ́ẹ̀mejì, wọn a ṣe ìkejì lẹ́ẹ̀mejì, wọn a tún gbogbo rẹ̀ gbé láti orí bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fò bọ́ sínú òmíràn láìdúró mí. Ohùn orin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Kò sí pé kí ìwọ gba àárín kí èmi gba ìsàlẹ̀ bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí oníkálùkù ti ń fi tirẹ̀ hàn ni ọ̀ṣọ́ kékeré tí ó ń ṣe sí i, bíi kí ìka fò sókè kí ó sì padà lójijì bí ẹni tí eṣinṣin bà lé lọ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo fi ìgbéraga ọmọ Ẹ̀pẹ́ yọ fèrè mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fun ún. Bàbá arúgbó kan tí ó ń ta fáólììnì kò dá orin rẹ̀ dúró. Ó kàn wò mí, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí etí tirẹ̀. Ojú tì mí. Fún oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ife tíì, kí n tó tún gbé fèrè sẹ́nu níbẹ̀. Bàbá Àyàn kò dé Cork rí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ ni èyí tí arúgbó yẹn fún mi.

Ìwé wà o, bí o bá fẹ́. Francis O'Neill, ọmọ ìpínlẹ̀ Cork níhìn-ín, tí ó di ọ̀gá pátápátá fún àwọn ọlọ́pàá Chicago ní 1901, ni ó kó orin 1,850 jọ sínú ìwé kan ní 1903. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ orin kọ sílẹ̀. Orí ni ó kó wọn sí, ọlọ́pàá mìíràn tí òun náà ń jẹ́ O'Neill ni ó sì ń bá a kọ wọ́n. Ẹ fojú inú wo kọmíṣọ́nnà kan tí ó ránṣẹ́ pe sájẹ́ńtì sí ọ́fíìsì, tí gbogbo tẹ́ṣàn rò pé wọ́n fẹ́ lé e kúrò níṣẹ́, àfi bí fèrè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dún! Ìwé náà wúlò fún ẹni tí ó ti gbọ́ orin tẹ́lẹ̀ tí ó gbàgbé ibì kan. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, egungun ni yóò bá níbẹ̀, kò ní bá ẹran.

Bí fèrè kékeré bá sì ti ń ni ọ́ lára, má sún mọ́ uilleann, fèrè aláàpò afẹ́fẹ́ wọn, rárá. Igbọnwọ́ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè wọn, nítorí pé ẹwìrì ni ó ń fún fèrè náà ní afẹ́fẹ́, abẹ́ apá ni wọ́n sì dè é mọ́, wọn a máa fi igbọnwọ́ fún un bí alágbẹ̀dẹ tí ń fẹ́ iná. Apò afẹ́fẹ́ a wà lábẹ́ apá kejì, ìka ọwọ́ méjèèjì a sì wà lẹ́nu iṣẹ́. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí ó yẹ ní títọ́jú ní 2017. Wọ́n máa ń sọ pé ọdún 7 ni a fi ń kọ́ ọ, ọdún 7 ni a fi ń dánra wò, ọdún 7 ni a tó fi fun ún fún aráyé gbọ́.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, sọ fún un pé kí ó yí ìgò Odékù rẹ̀ kí ó wo ara rẹ̀ dáadáa. Dùrù ni ó wà níbẹ̀, dùrù kan náà sì ni àmì ìjọba Írẹ́lándì, ó wà lẹ́yìn owó ẹyọ wọn. Ilé iṣẹ́ ọtí ti forúkọ àmì yẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tiwọn ní 1876, nígbà tí ìjọba tuntun sì dé ní 1922 tí ó fẹ́ lo dùrù, òdìkejì ni wọ́n ní láti kọjú tiwọn sí. Orin ni ó wà lára ìgò rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò kàn mọ̀ ni. Bí ó bá tún jiyàn, sọ fún un pé Patrick tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà, òun náà ni àwọn Kátólíìkì ń pè ní ẹni mímọ́ alábòójútó Nàìjíríà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìlù-ẹsẹ̀, ìyẹn bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé orin. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ka orin tí wọ́n ń pè ní jig, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ka reel. Orúkọ oúnjẹ àárọ̀ ni àwọn olùkọ́ kan níhìn-ín máa ń ní kí ọmọdé pè léraléra kí ẹsẹ̀ lè mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn kò ṣe é pè lẹ́nu wa.


Ìyá Akọrin, Àgbádárìgì:

Ọmọ mi Ọmọ Ẹbúté, ohun tí wọ́n wí dára, àmọ́ kò sí ẹni tí ó bi ọ́ bí o ṣe ń fi ìka dí ihò. Igbe ẹyẹ tí o ń sọ yẹn, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ jáde ni ó ti ń wá.

Ọwọ́ òsì ni kí ó wà lókè, kí ìka mẹ́ta dí ihò mẹ́ta, kí mẹ́ta ti ọwọ́ ọ̀tún dí ti ìsàlẹ̀. Má ṣe lo ṣóńṣó orí ìka. Ibi tí ó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni kí o tẹ́ lé ihò. Fun fèrè náà bí ìṣẹ́jú kan, kí o wá yí ọwọ́ rẹ padà sí ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kí o rí àmì róbótó mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lára ìka kọ̀ọ̀kan. Ìka tí àmì tirẹ̀ bá ṣe bí òṣùpá tí kò tíì kún, òun ni ọ̀dàlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku èémí. Bí gbogbo ihò bá wà ní dídí, rọra fẹ́ ẹ bí ẹni tí ń fẹ́ tíì gbígbóná tí kò fẹ́ kí ó dà sí aṣọ. Bí wọ́n bá kọ D sára fèrè rẹ, bí ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ohùn yẹn ni kí o pè ní d. Gbé ìka ìsàlẹ̀ pátápátá, o dé r. Máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ wá sókè, m, f, s, l, títí gbogbo ihò yóò fi ṣí sílẹ̀, tí wàá wà ní t. Fún d ti òkè, dí gbogbo rẹ̀ padà kí o sì fi èémí kún un díẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti jókòó ní ìjókòó akọrin rí kò yẹ kí ó máa pè é ní ohun ìjìnlẹ̀. Bí ohùn bá wá há lójijì, itọ́ ni. Fi ìka bo ojú fèrè lókè kí o fẹ́ ẹ líle lẹ́ẹ̀kan, yóò tú jáde.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú ń pín ogún sákárà, ẹ kò rántí wa. Sátò tiwa, ìlù ńlá àwọn Ògù, kò ṣe é gbé wọ ilé ọtí, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ wo báńjò tí àwọn Írẹ́lándì ń ta, èyí tí ó ní okùn mẹ́rin. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí a kó lẹ́rú sọdá òkun ni wọ́n fi igbá àti awọ ṣe ìyá rẹ̀ ní àwọn erékùṣù Karibíánì àti ní Amẹ́ríkà, kí ó tó ti ibẹ̀ dé Írẹ́lándì. Àwọn olórin jùjú àkọ́kọ́ ní Èkó náà ta á. Ẹni tí ó ń gbé etí omi tí a ń gbé yìí, tí ó sì mọ àwọn tí ó gba ibẹ̀ lọ, bí ó bá gbọ́ báńjò nínú orin àwọn aláwọ̀ funfun yẹn, kì í ṣe ijó ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.


Àyàn Ìgbógbó:

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Ọmọ Ẹbúté, bàbá rẹ kò ṣẹ̀ ọ́. Etí Yorùbá kì í gbọ́ ohùn kí ó má wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Fún orin náà ní ọ̀rọ̀, kí ìlù-ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dúró. Èyí tí Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní wọ́n ń ka mẹ́ta-mẹ́ta, máa pè é ní "Ìgbógbó, Ìgbógbó, Ìgbógbó", kí o máa fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń ka mẹ́rin-mẹ́rin, "Ìkòròdú, Ìkòròdú". Bí ìlù-ẹsẹ̀ bá ṣì ń sá mọ́ ọ lọ́wọ́, lọ kọ́kọ́ rìn ín láti ilé rẹ dé ẹbúté.


Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Cork:

Bàbá Àyàn, ẹ fún Ìgbógbó ní jig, ẹ fún Ìkòròdú ní reel, kí ni ẹ fi sílẹ̀ fún Ẹ̀pẹ́? Pólkà ni ó kù, méjì-méjì ni wọ́n ń kà á. "Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀pẹ́." Mo gbà á. Àwọn ará Kerry tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín fẹ́ràn pólkà ju ohunkóhun lọ, a ó jọ máa jó o.


Ọmọ Ẹbúté, Ìkòròdú:

Ẹ kú ìfẹ́, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti ṣe bí ẹ ti wí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni fèrè fi wà nínú ìbọ̀sẹ̀, jig kan péré ni mo sì ń gbọ́, tí ayálégbé kan fi wá béèrè bóyá ara mi kò yá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yí ìgò rẹ̀, ó rí dùrù, ó ní kò yí nǹkan kan padà, ṣùgbọ́n ó ti ń fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní alẹ́ àná, mo fun jig náà díẹ̀díẹ̀, mo ń pe Ìgbógbó nínú ọkàn, mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún béèrè ohun tí ó wí. Mo ní, "Ìgbógbó ni ó ń wí, Bàbá." Wọ́n tẹ́tí díẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Bí ó bá ti lè dé Ìgbógbó, kí ó yáa máa bọ̀ wá sílé."

Ìyá wa, àmì márùn-ún ni mo rí lọ́wọ́ mi. Ìka kejì sí ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún kò dé ihò tirẹ̀ dáadáa. Kí ni kí n ṣe sí i?


Ìyá Akọrin, Àgbádárìgì:

Òun ni mo ti ń retí. Má na ìka náà, ọrùn ọwọ́ ni kí o rọ̀ sílẹ̀. Jẹ́ kí igbọnwọ́ ọ̀tún kúrò lára ìhà rẹ díẹ̀, tẹ́ ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọọrọ bí ẹni tí ń pa ológbò lẹ́yìn, kí wọ́n má ká kò. Fi àtàǹpàkò gbé fèrè láti ìsàlẹ̀, ní ọ̀gangan àárín ìka méjì àkọ́kọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, d àti r nìkan ni kí o máa fun, kí o tó padà sí Ìgbógbó.